Owó Ẹnu Lórí Idán Àlòkù

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Idán àlòkù kì í pawó. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan rí owó gidi gbà lórí idán tó ti fi ṣeré fún ọdún mẹ́fà, ẹ bi í pé ta ló rà á, ẹ sì bi í pé kí ni ẹni náà fẹ́ fi ṣe. Èmi kò bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà nínú ilẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún nítorí pé n kò bèèrè, inú sì ń bí mi sí ara mi títí di òwúrọ̀ òní.

Tálì kíláàkì ni mí nígbà náà ní èbúté Àpápá. Àwa la máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú bírò àti ìwé lọ́wọ́, tí a ń ka àpò àti páálí bí àwọn lébìrà ṣe ń já ẹrù sílẹ̀. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni idán. Kì í ṣe idán eégún o, kì í sì í ṣe oògùn. Idán òyìnbó ni, ti káàdì àti aṣọ ìnujú, èyí tí wọ́n máa ń pe èèyàn wá ṣe fún àwọn ọmọdé níbi ọjọ́ ìbí ní GRA lọ́sàn-án Sátidé. Èmi tí mò ń gbé yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, tí omi máa ń wọlé bá tí òjò bá rọ̀, mo máa ń wọ kóòtù dúdú kọjá lọ́dọ̀ mẹ́gáàdì wọn, àwọn ọmọ wọn á sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn àtẹ́wọ́ yẹn ju owó tí wọ́n ń san lọ.

Ọ̀dọ̀ òyìnbó kan ní GRA náà ni mo ti rí àwọn ohun èlò mi. Máníjà ni ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan, ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980, ó sì ń ta gbogbo ẹrù ilé rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń du fíríìjì àti bẹ́ẹ̀dì. Èmi ṣí àpótí kan nínú gáréèjì, mo sì rí i pé onídán ni baba yìí fúnra rẹ̀. Ife irin onísàlẹ̀ méjì wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé o lè da omi tó mọ́ gaara sí i, kí o fi aṣọ bò ó, kí o tún ṣí i, kí omi náà ti pọ́n. Àtàǹpàkò oníke méjì tó ní ihò nínú wà níbẹ̀, tí èèyàn ń kì bọ àtàǹpàkò tirẹ̀, tí ó sì lè fi òwú tàbí aṣọ kékeré pamọ́ sí. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́ta tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo gbogbo rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Òyìnbó náà wo bí mo ṣe di àpótí náà mú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tà á fún mi ní ọ̀pọ̀.

Àléébù kan wà. Àwọ̀ òyìnbó ni àtàǹpàkò oníke yẹn, ó pupa bí ọmọ eku. Bí mo bá kì í bọ ọwọ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ kígbe. Ohun tí mo ṣe ni pé mo po póólíṣì bàtà aláwọ̀ búráùn mọ́ dúdú díẹ̀, mo sì fi kùn ún títí tó fi bá àwọ̀ ara mi mu. Ṣùgbọ́n póólíṣì kì í fara da ooru Èkó. Tí ọwọ́ bá ti làágùn, á máa yí mọ́ gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn. Ẹnu ọwọ́ kóòtù mi kò fìgbà kan mọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń bá mi jà lórí rẹ̀ nítorí òun ló rán kóòtù náà.

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Bọ́ńdárì, òun ló sì tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ó rán àpò ìkọ̀kọ̀ mẹ́jọ sínú kóòtù yẹn, ó mọ èyí tí ẹyin máa ń wà, ó mọ èyí tí káàdì máa ń wà. Tí mo bá ń dánra wò níwájú rẹ̀, kì í wo idán rárá, abẹ́ apá mi ló máa ń wò bóyá òwú ti fẹ́ já. Kò sí ẹni tó mọ irọ́ iṣẹ́ mi tó o láyé yìí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ títà ló kàn. Àwa onídán bíi méje la máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday nínú kíláàsì ilé ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀, a sì máa ń ta idán fún ara wa. Ẹni tó bá fẹ́ rà á máa yẹ ẹrù wò bí ẹni tó ń ra ẹran ọdún: ṣé ó pé, ṣé kò kán, ṣé ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, á dá iye tí kò tó ìdámẹ́ta owó tí o fi rà á, á tún fi yẹ̀yẹ́ lé e. Kò sì ṣẹ̀ ọ́. Ohun tí à ń rà lára idán kì í ṣe ike tàbí irin. Àṣírí là ń rà, àṣírí tí èèyàn méje bá sì ti mọ̀ kò níye lórí mọ́.

Ti fídíò ló burú jù. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ẹ̀rọ fídíò nínú wa, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ra kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa la máa rọ́ lọ wò ó lọ́jọ́ kan náà, tí a ó máa jẹ ẹ̀pà. Tó bá di ọjọ́ kejì, ta ni wàá tà á fún? Àwọn tó kù tó ń ra irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó. Wọ́n á fi bébà dí ihò kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà kó lè gba àwòrán tuntun, wọ́n á sì ya ìyàwó lé òyìnbó inú rẹ̀ lórí. Iye kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ni wọ́n máa ń san.

A tún ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú di. Bí o bá ta idán, ẹni tó rà á máa san owó idán, á tún san owó díẹ̀ sọ́tọ̀ tí à ń pè ní owó ẹnu. Bí o bá ti gba owó ẹnu, o ti ta ẹnu rẹ mọ́ idán náà nìyẹn. O kò ní ṣe é mọ́ ní àdúgbò, o kò sì ní ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe aya rẹ. Ẹni tó bá gba owó ẹnu tó tún lọ sọ̀rọ̀, a kì í bá a jókòó mọ́. Mo gba àṣà yìí gbọ́ ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìsìn lọ. Òmùgọ̀ ni mí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ̀gbọ́n mi pè mí wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kókó kan wà nínú ọmú òsì òun. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní àfi iṣẹ́ abẹ, kí ó tètè ṣe é kó má bàa tàn ká. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ìwọ nìkan ni mo sọ fún,” ó wí. “Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Mi ò fẹ́ kí àwọn kọ́sítọ́mà mi máa wò mí láyà. Ṣó o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Àǹtí.”

Owó iṣẹ́ abẹ kò pé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé màá ta àpótí mi. Nítorí àpótí yẹn ló ṣe sunkún lọ́jọ́ náà, kò sunkún nítorí ara rẹ̀.

Iye tí àwọn ẹgbẹ́ mi dá fún mi, ẹ̀gbin ni. N kò bá wọn jà, ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ ni yóò gba owó òkúta. Lọ́jọ́ kẹta ni ọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní wọ́n júwe mi fún òun. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó mọ́ tónítóní, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní tíṣà ni òun, òun fẹ́ fi idán kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé òun ní sáyẹ́ǹsì. Kò bèèrè bóyá ife mi ń jò. Kò ka aṣọ ìnujú. Kásẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ mú lọ́wọ́.

“Àwọn wo ló ti wo èyí, sà?”

“Àwa méje ni. Onídán ni gbogbo wa.”

“Nínú gbogbo Ajégúnlẹ̀ yìí, ẹ̀yin méje péré lẹ mọ̀ ọ́n?”

“Méje péré. Ẹnu wa sì dì, àṣà wa ni.” Mo wá ṣàlàyé owó ẹnu fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tìgbéraga-tìgbéraga.

“Ó dáa gan-an bẹ́ẹ̀,” ó wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Tíṣà wo ló máa ń fẹ́ mọ iye èèyàn tó ti mọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́ ọmọ? Ìbéèrè yẹn nìkan tó kí n lé e jáde. Ṣùgbọ́n owó ló wà lójú mi, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó dá iye kan. Ó ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì kájú iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe nídìí ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Ẹni tó ń tà á ní ọmọ òun ń ṣàìsàn, ẹni tó ń rà á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá òun tán, kò sí ẹni tó gba ẹnì kejì gbọ́, àmọ́ owó á sún díẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òótọ́ ni tèmi.

“Ẹ ṣàánú mi, sà,” mo wí. “Ẹ̀gbọ́n mi ni ara wọn ò yá. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Kókó ló wà nínú ọmú wọn.”

“Ẹ̀yà! Ọmú wo?”

“Ti òsì.”

“Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.” Ó gbójú sókè wo kóòtù mi tó kọ́ sára ògiri, èyí tí mo ti fi yangàn fún un ṣáájú. “Ṣé àwọn yẹn náà ni aránṣọ tẹ́ ẹ ní ó rán kóòtù yìí?”

“Àwọn ni. Ẹ̀yìn ọjà Bọ́ńdárì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà.”

Ó fi owó kún un lójú ẹsẹ̀. Ó mú owó ẹnu sọ́tọ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì ń wò mí lójú bí mo ṣe gbà á. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi kọ́ ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo kó owó fún ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi tó kó ṣúgà gúnlẹ̀ sí èbúté Tíńkáàn, wọ́n pín mi síbẹ̀, a sì já ẹrù fún ọjọ́ mẹ́wàá láìsinmi. Nígbà tí mo ṣe tán, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti kọjá. Mo ra ọsàn, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó ní obìnrin náà kò wá rárá. N kò mọ ibi tí mo ju ọsàn sí. Mo sáré dé Bọ́ńdárì, mo sì bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tó ń kọrin.

“Ó ti jáde!” ó kígbe bó ṣe rí mi. “Jókòó, jókòó. Kókó yẹn ti jáde!”

Ó ní obìnrin kan gbé aṣọ wá pé kí òun bá a rán síkẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń wọn ìbàdí rẹ̀ ni obìnrin náà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó bú sẹ́kún, tó ní òun rí nǹkan dúdú nínú ọmú òsì rẹ̀. Obìnrin náà mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń woni sàn létí kánáàlì, ẹni tó gbé Bíbélì sí ọ̀tún, tó gbé tẹ̀sùbáà sí òsì, kí oníkálukú lè rí tirẹ̀ níbẹ̀. Bàbá da omi tó mọ́ gaara sínú ife irin, ó fi aṣọ bò ó, ó gbàdúrà, ó ṣí i, omi ti pọ́n bí osùn. Ó wá fi aṣọ funfun bo ọmú ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ọwọ́ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan bí òwú dúdú jáde níbẹ̀.

“Ó gùn!” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ó ń fà á, kò tán. Mo fi owó iṣẹ́ abẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ni mo tún fẹ́ fi owó yẹn ṣe?”

“Àǹtí, ṣé kókó náà ti lọ?”

“Bàbá ní gbòǹgbò rẹ̀ ló jáde, èyí tó kù á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀.”

Mo ní kí ó fi aṣọ funfun náà hàn mí. Ó ká a sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ bí ohun mímọ́, ó tú u fún mi. Àbàwọ́n búráùn kan wà lára rẹ̀ ní àárín, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Ó ní ipa àìsàn náà ni, Bàbá ní kí òun má fọ̀ ọ́. Mo gbé e sí imú. Póólíṣì bàtà ni.

N kò lè ròyìn bínú ṣe bí mi. Mo rìn láti Bọ́ńdárì dé etí kánáàlì láìmọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà mi kan ti já. Àwọn èèyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn abiyamọ, àwọn arúgbó, wọ́n ń dúró. Ọkùnrin tó ra àpótí mi ló jáde sí mi nínú aṣọ funfun kan náà. Ojú kò tilẹ̀ tì í.

“Olè!” mo pariwo. “Idán lo fi ń pa àwọn èèyàn! Dá owó ẹ̀gbọ́n mi padà!”

Ó fà mí sẹ́yìn ògiri, jẹ́jẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀. “Ẹ ti gba owó ẹnu, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá gbà á kì í sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Màá sọ̀rọ̀! Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló máa gbọ́!”

“Kò burú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń sọ ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ tán. Ẹ má gbàgbé ẹni tó sọ fún mi pé ti òsì ni.”

Mo yí sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, mo ní idán ni, mo ní èmi ni mo ta ife yẹn fún un. Arúgbó kan wò mí tàánútàánú. “My pikin, carry your wahala dey go,” ó wí. “We no come here for magic.” Kò sí ẹni tó dìde.

Mo padà sílé. Àtàǹpàkò oníke kejì ṣì wà lọ́dọ̀ mi, èyí tó ti sán, tí ọkùnrin náà kò mú. Mo fi póólíṣì kùn ún, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àṣà kó lọ sí ọ̀run àpáàdì, mo ti ṣe tán láti já a. Mo mú òwú dúdú nínú agolo ẹ̀gbọ́n mi, mo kì í sínú àtàǹpàkò náà, mo fọwọ́ lé àyà mi, mo sì fa òwú náà jáde lójú rẹ̀, títí tó fi tán. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ó dáa,” ó wí. “Ọwọ́ ẹ ti yá sí i.”

“Àǹtí, ohun tó ṣe fún yín nìyẹn! Àtàǹpàkò mi ni! Póólíṣì mi ló wà lára aṣọ yẹn! Ẹ̀yin lẹ rán àpò mẹ́jọ sínú kóòtù mi, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ pé irọ́ ni!”

“Tìẹ ni mo rán,” ó wí. “Èmi kọ́ ni mo rán ti Bàbá.”

Mo pariwo, mo sunkún, mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àkísà tó wà nílẹ̀. Mo ní màá tún wá owó mìíràn, kí ó sáà jẹ́ ká lọ gba ọjọ́ tuntun nílé ìwòsàn. Ó yọ tépù ọrùn rẹ̀, ó ń ká a mọ́ ìka, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ gé aṣọ olówó ńlá tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Mo rí i pé ó ti ń rò ó.

“Ó dáa,” ó wí. “Ká ní omi yẹn, idán ni. Ká ní òwú yẹn náà, idán ni, mo gbà. Obìnrin yẹn mọ̀ pé ti òsì ni. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún nínú ayé yìí, o sì ní o gbọ́. Ta ló wá sọ fún un? Sọ ìyẹn fún mi, tó bá di ọ̀la màá tẹ̀ lé ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.”

Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Kò sí owó ẹnu kankan lórí ìyẹn, kò sí àṣà onídán tó dè é. Ojú ló ń tì mí. Mo wo obìnrin tó tọ́ mi, tó fi àṣírí ara rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ mi, mo sì rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní fi ojú yẹn wò mí mọ́ láéláé.

“Mi ò mọ̀, Àǹtí,” mo wí.

Ó mi orí. Ó fi tépù kọ́rùn padà, ó yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun kò ríran dáadáa mọ́, kí n bá òun ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo bá a tì í bọ̀ ọ́.